Ọ́tánétọ̀ 80 A láti ara àlòkù fún Benz W123

Ọkọ̀ tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí ni Mercedes-Benz 230E, W123 ti ọdún 1984. Ọdún 1976 ni W123 kọ́kọ́ jáde sọ́jà, ọdún 1985 ni wọ́n sì dẹ́kun ṣíṣe èyí tó jẹ́ sálúùnù. Ẹ́ńjìnnì M102 oní-lítà 2.3 ló wà nínú tèmi. K-Jetronic ló ń fún un lépo, nítorí náà pọ́ǹpù oníná kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí kì í sinmi níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń yí. Ẹ rántí pọ́ǹpù yẹn, a máa bá a pàdé nínú ìṣirò.

Ohun tó gbé mi dé ìdí iṣẹ́ yìí ni pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òjò ń rọ̀, tí ọkọ̀ wá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iná iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, fáànù inú ọkọ̀ á rẹlẹ̀, wáípà á máa wọ́ ẹsẹ̀. Mo fi mítà sórí bátìrì nínú ipò yẹn gan-an, 12.3 fóòtì ni mo rí. Bátìrì tó ń gba ṣáàjì kì í wà níbẹ̀, 13.8 sí 14.4 ló yẹ kó wà. Bátìrì ló ń bọ́ ọkọ̀ nígbà náà, kì í ṣe ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná. Bí mo bá wá tẹ ẹ́ńjìnnì dé ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, fóòtì á gòkè dé 13.9. Ọ́tánétọ̀ náà ò bàjẹ́, agbára rẹ̀ ni kò tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní síló, ìyẹn tó bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ra bátìrì tuntun sí irú ìṣòro yìí, bátìrì tuntun náà á sì kú ikú kan náà.

Iná tí ọkọ̀ ń jẹ

Kí n tó wá ọ́tánétọ̀ kankan, mo ka ohun tí ọkọ̀ ń jẹ. Mo fi mítà akámọ́ mú wáyà bátìrì, mo ń tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ iye tó bá fi kún un. Gílóòbù iwájú méjèèjì, 55 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ń jẹ nǹkan bí 9 A (áńpíà, ìwọ̀n bí iná ṣe ń ṣàn tó). Àwọn gílóòbù kéékèèké ara ọkọ̀ àti ti dáṣíbọ̀ọ̀dù ń jẹ 3 A. Fáànù inú ọkọ̀, tí a bá ṣí i dé òpin, 14 A. Pọ́ǹpù epo, 8 A. Wáípà, 4 A. Kọ́ìlì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, 4 A. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42 A, mi ò sì tíì tan wáyà tó ń gbẹ ìrì ara gíláàsì ẹ̀yìn, èyí tí òun nìkan ń jẹ 15 A. Tí gbogbo rẹ̀ bá tàn pọ̀, ó ti di 57 A.

Ọ́tánétọ̀ tó wà lára ọkọ̀ jẹ́ 55 A. Nọ́ńbà yẹn ò parọ́, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìgbà tí rótọ̀ ọ́tánétọ̀, apá inú rẹ̀ tó ń yí, bá ń yí ní 6,000 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń wọn agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ní síló, rótọ̀ yẹn ò sún mọ́ 6,000 rárá. Mo mú mítà akámọ́ sí wáyà ńlá ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní títàn, 26 A péré ló ń jáde. Gbogbo èyí tó kù, ara bátìrì ló ti ń wá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń wá ọ́tánétọ̀ ńlá pé kí wọ́n má ṣe wo nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lára ọ̀pọ̀ ọ́tánétọ̀ Bosch, nọ́ńbà méjì ni ẹ máa rí, bíi 14V 45/90A. Àkọ́kọ́ ni ohun tó lè fúnni nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, ìkejì ni ti 6,000. Fún ọkọ̀ tó ń lo ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ ní ìdúró, àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ fi ra ọjà.

Yíyan àlòkù

M102 ò mọ sínú W123. Wọ́n lò ó nínú Benz 190E, W201, wọ́n sì lò ó nínú W124. Àwọn ọkọ̀ yìí ni mo dojú kọ níbi tí wọ́n ti ń tú àlòkù, torí pé ibi tí ọ́tánétọ̀ ń jókòó sí lára ẹ́ńjìnnì kò ní jìnnà púpọ̀ sí tèmi. Mo rí méjì tó jẹ́ 80 A. Ọ̀kan, etí tí bóòtù ń gbà kọjá ti kán. Ìkejì, ara rẹ̀ pé, àmọ́ wọ́n ti sọ fún mi pé kì í ṣáàjì. Mo mú méjèèjì.

Ọ́tánétọ̀ tó dọ̀tí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú rí, tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí wọ́n fín kun fàdákà sí lára lọ. Kun tuntun máa ń bo ohun tó yẹ kéèyàn rí: òróró tó ti wọ inú rẹ̀, ibi tó ti gbóná rí, orí sùkúrù tí wọ́n ti fi túlàásì tú. Ẹ wo inú àwọn ihò atẹ́gùn rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bàbà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ yẹ kó ní àwọ̀ kan náà yíká. Tó bá jẹ́ pé apá kan ló dúdú tí ìyókù mọ́, dáyóòdù kan, ohun tó yẹ kó jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo, ló ti jó pọ̀ tó sì ń fi iná padà sínú bàbà. Tí gbogbo rẹ̀ bá dúdú lápapọ̀, wọ́n ti fi iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ pa á. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú, torí òórùn fáníìṣì tó jó kì í tètè kúrò.

Títú u, yíyẹ̀ ẹ́ wò

Régúlétọ̀, tó ń di fóòtì mú, ni ẹ kọ́kọ́ yọ. Sùkúrù méjì ló dè é mọ́ ẹ̀yìn, òun ló sì gbé kábọ̀ọ̀nù méjèèjì tó ń gbé iná dé rótọ̀ dání. Ẹni tó bá la ikùn ọ́tánétọ̀ láì yọ régúlétọ̀ á ṣẹ́ kábọ̀ọ̀nù náà, torí pé orí rótọ̀ ni wọ́n tẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, mo fi nǹkan mímú fa ìlà kan kọjá lára èèpo irin iwájú, àárín àti ti ẹ̀yìn, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe dojú kọra nígbà tí mo bá fẹ́ tò ó padà. Tí ìlà yẹn ò bá sí, etí iwájú àti ti ẹ̀yìn lè má bá ara wọn mu mọ́, bóòtù ò sì ní kọjá.

Kábọ̀ọ̀nù tó bá ti kù ju 5 mm lọ ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ nígbà tí ẹ bá ti tú u báyìí, ẹ má dá a padà. Mo fi régúlétọ̀ tuntun sí i. Oríṣi tó wà fún Bosch yìí ò pé ẹyọ kan: ọ̀kan ń di fóòtì mú sí 14.0, òmíràn sí 14.5. Mo mú ti 14.5, torí pé bátìrì olómi lásán ni mò ń lò, wáyà sì máa gbà díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Rótọ̀ ló kàn. Mítà sí orí òrùka bàbà méjèèjì: 2.9 óòmù lára ọ́tánétọ̀ kan, 2.8 lára ìkejì. Ó dára, torí láàárín 2.5 sí 4 ni irú wọn máa ń wà. Mítà láti òrùka sí ọ̀pá irin àárín: kò gbọ́dọ̀ sí ohunkóhun. Tí mítà bá fi nọ́ńbà hàn níbí, rótọ̀ yẹn ti kan ara, ẹ gbé e sílẹ̀. Ní 2.9 óòmù, rótọ̀ ń gba nǹkan bí 5 A láti di òòfà. Ara ohun tí ọ́tánétọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ nìyẹn. Òrùka ti ọ́tánétọ̀ tí etí rẹ̀ kán ti gbẹ́ kòtò, ti ìkejì sì tẹ́jú. Mo fi sáńpépà tó kúnná dáadáa nù ún nígbà tí mo ń yí rótọ̀ náà, kí ó má baà jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni màá fá.

Dáyóòdù mẹ́fà ńlá àti mẹ́ta kéékèèké ló wà lórí àwo ẹ̀yìn. Àwọn ńlá ń darí iná sí bátìrì. Àwọn kéékèèké ń bọ́ rótọ̀. Mo tú wáyà bàbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lára àwo yẹn pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì tó lágbára, torí èyí tí wọ́n fi ń ṣe rédíò kò lè mú irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ gbóná. Lórí mítà, dáyóòdù tó yè á fi nǹkan bí 0.5 fóòtì hàn ní ìhà kan, kò ní fi nǹkan kan hàn ní ìhà kejì. Ọ̀kan nínú ti ọ́tánétọ̀ tí ara rẹ̀ pé ń gba iná kọjá síhà méjèèjì. Ohun tí kò jẹ́ kó ṣáàjì rí nìyẹn. Àwo ti olétí-kíkán pé pérépéré.

Ọ̀rọ̀ wá lójú: ara, rótọ̀ àti bàbà ti ọ̀kan, àwo dáyóòdù ti ìkejì, régúlétọ̀ tuntun, bíàrìn tuntun. Bíàrìn iwájú tèmi jẹ́ 6303, ihò inú rẹ̀ 17 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 47 mm, nínípọn rẹ̀ 14 mm. Ẹ ra oníbòrí rọ́bà méjì, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ara èyí tó wà nínú tiyín kí ẹ tó rà á. Púlà ni mo fi yọ èyí tó ti gbó. Nígbà tí mo ń wọ tuntun, mo tì í láti etí inú rẹ̀ nìkan, torí tí a bá fi òòlù lu etí òde, àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ á gbẹ́ ojú, á sì máa hu láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Púlì

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti gba ọgbọ́n jù nìyí. W124 tí ọ́tánétọ̀ ti wá ń lo bẹ́líìtì pẹlẹbẹ oníla púpọ̀. W123 mi ń lo bẹ́líìtì onígun V. Púlì àlòkù náà ò wúlò fún mi, mo ní láti gbé ti àtijọ́ wá. Ọ̀pá méjèèjì jẹ́ 17 mm nígbà tí mo wọ̀n wọ́n, púlì sì wọlé geerege. Àmọ́ ọ̀pá ti àtijọ́ ní kọ́kọ́rọ́ irin tó ń dè é, ti tuntun kò ní. Nọ́ọ̀tì nìkan ló ń di púlì mú lára rẹ̀. Kò burú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ojú irin gbogbo gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kò gbọ́dọ̀ sí gíríìsì níbẹ̀, nọ́ọ̀tì náà sì gbọ́dọ̀ le dé ìwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ipò. Mo gbé irin gígùn tó tọ́ sí ojú púlì ẹ́ńjìnnì, mo wò ó dé ti ọ́tánétọ̀: ó ti rì wọlé pẹ̀lú nǹkan bí 2 mm. Mo fi wáṣà pẹlẹbẹ kún ẹ̀yìn púlì láàárín rẹ̀ àti fáànù títí tí irin gígùn fi kan ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́líìtì tí kò bá tọ́ á máa jẹ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á sì tú lójú ọ̀nà. Etí ìsàlẹ̀ ti àlòkù náà tóóró ju ti àtijọ́ lọ, mo sì gé páìpù irin kékeré kan láti kún àlàfo ibẹ̀, kí bóòtù má baà fa etí náà kán bíi ti èkejì.

Báwo ni púlì ṣe kan ọ̀rọ̀ síló? Ká ní púlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ 140 mm, ti ọ́tánétọ̀ 70 mm. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní 750, ọ́tánétọ̀ á yí ní 1,500. Tí ti ọ́tánétọ̀ bá jẹ́ 58 mm, á yí ní nǹkan bí 1,800, ìyàtọ̀ yẹn sì tóbi gan-an níbi tí ọ́tánétọ̀ ti ń jí. Àmọ́ ẹ wo apá kejì: tí ẹ́ńjìnnì bá dé 6,000, ọ́tánétọ̀ yẹn ti lé ní 14,000. Púlì kékeré tún ń fún bẹ́líìtì ní ibi dídìmú tó kéré. Mo fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé ti 80 A yìí ti ń fúnni ní púpọ̀ sí i ní síló láìsí pé a yí i kánkán.

Bẹ́líìtì yìí náà ló jẹ́ kí n dúró sí 80 A. 80 A ní 14 fóòtì jẹ́ 1,120 wáàtì. Ọ́tánétọ̀ kì í sọ gbogbo agbára tó bá gbà di iná. Nǹkan bí ìlàjì tàbí díẹ̀ sí i ló ń dé òpin, ìyókù á di ooru. Bẹ́líìtì ní láti gbé bíi 2,000 wáàtì kọjá. Ní 140 A, á ti tó 3,600. Bẹ́líìtì V kan ṣoṣo á máa yọ̀ lábẹ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀, á sì máa ké. Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà yẹn, kó ti yí gbogbo púlì iwájú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí oníla púpọ̀ ná.

Wáyà

Wáyà tó ti inú ọ́tánétọ̀ àtijọ́ lọ sí bátìrì, 6 mm² ni mo wọ̀n ọ́n sí. Mítà méjì irú wáyà yẹn, tí 80 A bá gba inú rẹ̀ kọjá, á mú 0.46 fóòtì jẹ, á sì gbóná pẹ̀lú wáàtì 37. Ọ́tánétọ̀ á máa ṣe 14.2, bátìrì á máa rí 13.7, olówó á máa ṣe kàyéfì. Pẹ̀lú 25 mm², ìsọnù yẹn á já sí 0.11. Mo fa 25 mm² tuntun tààrà láti B+, ibi tí iná ńlá ti ń jáde lẹ́yìn ọ́tánétọ̀, dé orí bátìrì, mo fi fíúùsì 100 A sí i ní ìhà bátìrì, nítorí ibẹ̀ ni iná ńlá ti máa wá tí wáyà bá họ tó sì kan ara ọkọ̀. Mo fi rọ́bà tó ń fara da ooru bo ibi tó ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Wáyà áàsì ṣe pàtàkì bákan náà, òun ni àwọn èèyàn sì máa ń gbàgbé. Gbogbo iná tó jáde láti B+ gbọ́dọ̀ padà sílé. Bí ọ́tánétọ̀ yín bá jókòó lórí rọ́bà, ó gbọ́dọ̀ ní wáyà áàsì tirẹ̀ láti ara rẹ̀ dé ara ẹ́ńjìnnì. Mo fi ọ̀kan sí tèmi, mo sì fá ibi tí okùn áàsì ẹ́ńjìnnì ti kan ara ọkọ̀ títí irin fi dán.

D+ ni wáyà tín-ín-rín tó lọ sí iná pupa bátìrì lórí dáṣíbọ̀ọ̀dù. Gílóòbù yẹn ń ṣe ju ìkìlọ̀ lọ. Nígbà tí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, iná díẹ̀ ń gba inú rẹ̀ dé rótọ̀, gílóòbù 3 wáàtì ń jẹ́ kí nǹkan bí 0.25 A kọjá, òun ló sì ń jí òòfà rótọ̀ dìde. Tí gílóòbù bá jó, ọ́tánétọ̀ lè má ṣáàjì títí a ó fi tẹ ẹ́ńjìnnì gidigidi. Ẹni tó bá fi LED rọ́pò rẹ̀ á bá ìṣòro kan náà pàdé, àyàfi tó bá so rẹ̀sísítọ̀ nǹkan bí 50 sí 68 óòmù, 5 wáàtì, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdánwò

Ó ṣáàjì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lórí síló, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú 42 A yẹn ní títàn, 13.7 fóòtì lórí bátìrì. Nígbà tí mo tan ti gíláàsì ẹ̀yìn pẹ̀lú, ó sọ̀ kalẹ̀ sí 13.1, ó sì dúró níbẹ̀. Ní 2,000 ìyípo, 14.2 láìka ohun tó bá tàn. Láti B+ sí orí bátìrì, 0.1 fóòtì, láti ara ọ́tánétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì bátìrì, 0.04. Mo yí mítà sí iná AC lórí bátìrì láti wo àwọn dáyóòdù: 0.06. Tó bá kọjá 0.5, dáyóòdù kan ti ń ṣàìsàn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: iná pupa bátìrì kò kú tán. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ máa rí i tó ń tàn fírífírí bí ọ́tánétọ̀ tilẹ̀ ń ṣáàjì dáadáa. Ọ̀pọ̀ á ní dáyóòdù kékeré ló bàjẹ́, wọ́n á sì tún tú u. Ẹ ronú nípa gílóòbù náà: ìhà kan rẹ̀ wà lára D+, ìkejì wà lára iná tó ń ti súìṣì kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ń tàn torí pé fóòtì ìhà méjèèjì ò dọ́gba. D+ jẹ́ 14.2 nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Ìhà súìṣì jẹ́ 13.0. Ìṣòro wà lẹ́yìn súìṣì. W123 ń lo fíúùsì olórí ṣóńṣó méjì tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ń dì mú, irin wọ̀nyí sì máa ń dípẹtà. Mo yọ gbogbo fíúùsì, mo fá ẹnu ibi tí wọ́n ń jókòó, mo fi fíúùsì tuntun tí ara rẹ̀ jẹ́ bàbà sí i dípò èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù. Ìhà súìṣì gòkè dé 13.9, iná pupa sì kú pátápátá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán ọ́tánétọ̀ yín wò nípa yíyọ tẹ́mínà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àti rewáyà ló ń ṣe é, wọ́n á ní tí ọkọ̀ ò bá kú, ọ́tánétọ̀ yè. Bátìrì ló ń gbe fóòtì tó bá fò sókè mì. Tí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, fóòtì lè fò kọjá ohun tí régúlétọ̀, dáyóòdù àti àwọn bọ́ọ̀dù inú ọkọ̀ lè gbà, ó sì lè pa ohun tó yè tẹ́lẹ̀. Mítà kékeré kan tó ń wọn fóòtì ti tó láti fi mọ òtítọ́.

Lẹ́yìn tí bẹ́líìtì tuntun ti rìn díẹ̀, mo padà fà á le, torí pé bẹ́líìtì V máa ń nà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fọwọ́ kan wáyà 25 mm² àti fíúùsì rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gígùn lálẹ́, méjèèjì tutù. Ọ́tánétọ̀ 55 A ti àtijọ́ kò bàjẹ́, nítorí náà mo ti tú u: kábọ̀ọ̀nù rẹ̀ kù 6 mm, bíàrìn ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń hu. Régúlétọ̀ àti bíàrìn ló máa gbà, lẹ́yìn náà màá tọ́jú rẹ̀ sí búùtù gẹ́gẹ́ bí ìdábọ̀, pẹ̀lú púlì V kejì tí mo ti rí fún un.